Kí Òtútù Òkèèrè Tó Dé: Ìdílé Wa Pàgọ́ Sórí Òkè Adó-Àwáyè

Bí ẹ bá sọ fún ọ̀pọ̀ òbí ní Ìbàdàn lónìí pé ẹ fẹ́ kó ọmọ àti àwọn àgbàlagbà ilé yín lọ sùn nínú àgọ́ lórí òkè, láàárín kùrukùru, ìbéèrè méjì ni wọn yóò kọ́kọ́ bi yín. Ta ló lé yín kúrò nílé? Ṣé kò sí ilé ìtura mọ́ ni? Ìbéèrè náà kò burú. Lójú ọ̀pọ̀ wa, àṣà inú fíìmù òyìnbó ni pípàgọ́ sórí òkè. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, Iléyá àti Kérésìmesì ni ìrìn-àjò ìdílé tiwa. Bí a bá sì fẹ́ dá àwọn ọmọ lára yá, a ó kó wọn lọ wo ẹranko ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, a ó ra áísìkiriìmù fún wọn ní Ring Road, a ó sì ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú tí à ń gbé yóò mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa ti sùn lórí òkè rí, tọmọtọmọ, tìyàwótìyàwó. Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun tú Ìbàdàn àkọ́kọ́ ká, orí òkè ni Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ, tí èso òro àti ìgbín sì di oúnjẹ wọn. Ìrántí ìyà náà ṣì wà nínú ọdún Òkèbàdàn títí di òní: ní ọjọ́ ọdún, àwọn tó ń pa àṣà mọ́ kì í dá iná. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ààbò nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1830. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní sáà ìjọba àwọn òyìnbó. Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà sí ohun ìní aráyé. Arúgbó, aboyún, ọmọ ọwọ́, gbogbo wọn ló sùn lórí àpáta rí. Àwa tí a wá ń gbé inú ilé alájà ní Bódìjà ni a gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìdí tí a fi lọ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ilé wọn wà ní Challenge, gba ìwé àṣẹ láti kó ìdílé wọn lọ sí Calgary, ní ìpínlẹ̀ Alberta, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Oṣù Kẹsàn-án ni wọn yóò gbéra. Ọmọ méjì ni wọ́n ní: obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìbàdàn ni a bí àwọn méjèèjì sí. Òtútù tí wọ́n mọ̀ kò ju ti ẹ̀rọ amúlétutù àti ti fíríìjì lọ.

Bàbá wa ló kọ́kọ́ dá àbá náà. Wọ́n ní, “Àwọn ọmọ yìí ń lọ síbi tí wọn yóò ti kọ́ òtútù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá.” Wọ́n fẹ́ kí gbogbo wa, ìran mẹ́ta, sùn síbì kan fún òru kan ṣoṣo kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé àwọn ọmọ lọ.

Màámi kò fara mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì ti gbé ọmọ tí òtútù mú rí ju bí wọ́n ṣe lè kà lọ. Wọ́n ní, “Ọmọ tí kò rí òtútù rí, àpáta lẹ fẹ́ gbé e lọ kí ó ti kọ́ ọ? Ó dáa. Bí ẹ óò bá lọ, èmi náà ń bọ̀, èmi ni n ó sì di ẹrù.”

Yíyan òkè

Ẹni tó bá ń wá òkè gíga ní Nàìjíríà, apá ìlà-oòrùn ni yóò kọjú sí. Inú ọgbà ìjọba àpapọ̀ Gashaka-Gumti, láàárín ìpínlẹ̀ Tàràbà àti Adamáwá, ni òkè Chappal Waddi wà. Òun ló ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 2,419 mítà. Ní ìpínlẹ̀ Cross River, orí òkè Òbúdù ga tó nǹkan bí 1,576 mítà, ó sì sún mọ́ ọgbà ìjọba tí àwọn ìnàkí ńlá tó ṣọ̀wọ́n jù ní Áfíríkà ń gbé. Nítòsí wa níhìn-ín, ọgbà ìjọba Old Oyo, tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú àti lóròó. Àwọn méjì àkọ́kọ́ jìnnà jù fún ọmọdé àti àgbàlagbà nínú ọkọ̀ kan náà. Ẹ̀kẹta gba ètò, ìwé àṣẹ àti ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí ààbò, àwa kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

A yan Adó-Àwáyè. Kì í ṣe ọgbà ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ láti Èkó àti Ìbàdàn ti sọ ọ́ di ibi ìpàgọ́ láti ọdún mélòó kan wá. Ó wà ní nǹkan bí ogún kìlómítà sí Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá fi etí Yorùbá gbọ́ orúkọ ìlú náà yóò gbọ́ “a wá yè” nínú rẹ̀, nítorí orí òkè yìí náà ti gba àwọn tí ogun ń lé sílẹ̀ rí.

Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí 433 mítà lọ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà. Bí a bá ń gun òkè, ooru a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 ti Celsius dín kù fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Èyí ni pé orí Òbúdù lè fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́sàn-án tutù ju Ìbàdàn lọ, tí ti Chappal Waddi yóò sì tó mẹ́rìnlá. Adó-Àwáyè kò fi ju ìwọ̀n kan ààbọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì ní kò sí ohun tó ń jẹ́ òtútù níbẹ̀. Màámi ní kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ àti omi kún ìṣirò wọn ná.

Ẹrù tí a dì

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àgbowó yá wa ní àgọ́ mẹ́ta. A ra ẹ̀wù òtútù òkìríkà fún àwọn ọmọ ní Dùgbẹ̀, ohun tí wọn yóò sì lò ní Kánádà ni. Láti ọjà Bódìjà ni a ti ra gààrí, ẹja gbígbẹ, àtalẹ̀, ṣúgà, epo àti ata gígún. A kó ẹní, rọ́bà ńlá tí a ó tẹ́ sábẹ́ àgọ́, tọ́ọ̀ṣì, fúláàsì méjì, omi, àti kóòlùpọ́ọ̀tù kékeré kan pẹ̀lú èédú.

Màámi di ẹrù tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀wù àwọ̀sùn méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dì sínú àpò ọ̀rá, tí wọ́n so ẹnu rẹ̀ pinpin. Fìlà onírun àgùntàn méjì wà níbẹ̀. Kíjìpá méjì tí ìyá tiwọn fi sílẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òwú híhun tó nípọn ni kíjìpá, àwọn obìnrin wa ló ń fi òfì inú ilé hun ún láyé àtijọ́, a máa ń fi í ró, a sì máa ń fi í bora. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i. Wọ́n ní, “Màámi, ẹ ti ń kó ẹrù ìgbéyàwó ni?” Màámi kò dáhùn.

Gígun òkè

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹjọ ni a gbéra, nígbà tí òjò máa ń dáwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí oòrùn kì í fẹ́ yọjú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àsìkò ọyẹ́ nìkan ni òtútù ń mú ní ilẹ̀ wa. Òótọ́ ni pé òwúrọ̀ ọyẹ́ a máa mú gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀sán rẹ̀ gbóná. Nínú oṣù Keje àti Ẹkẹjọ ni ọ̀sán wa tutù jù, nítorí ìkúùkù bo ojú ọ̀run mọ́lẹ̀.

A gba Mọ́níyà, a kọjá Ìjàyè, ìlú Kúrunmí tí ogun 1860 sí 1862 sọ di ahoro, a sì dé Ìsẹ́yìn, níbi tí ìró òfì àwọn tó ń hun aṣọ òkè ti ń dún létí títì. Ní Adó-Àwáyè, a kí àwọn àgbà tó yẹ kí á kí, a san owó àlejò, a sì gba afinimọ̀nà kan tó gbà láti bá wa sùn.

Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Bàbá dúró sinmi lẹ́ẹ̀meje, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn lọ́wọ́ mú. Lókè, àpáta tẹ́ lọ rẹrẹ, pẹ̀lú koríko àti igi kéékèèké nínú pàlàpálá rẹ̀. A rí adágún Ìyákè, tí omi rẹ̀ dúró sórí àpáta láìgbẹ, tí àwọn ará ìlú sì bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n kì í jẹ́ kí àlejò fi ẹsẹ̀ ṣeré nínú rẹ̀. A rí ibi tí wọ́n ń pè ní “Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run,” ojú ọ̀nà tóóró tí kòtò jíjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wò ó láti òkèèrè. Màámi di ẹ̀wù wọn mú lẹ́yìn.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò pariwo, kò sì yára. Ó bo orí igi, ó bo ojú ọ̀nà tí a bá wá, nígbà tó sì yá a kò rí ìlú mọ́. Ọmọkùnrin wa kígbe pé, “Dádì, wọ́n ń sun igbó! Èéfín ń bọ̀!”

Bàbá pè é mọ́ra. Wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ojú náà tutù, ó sì rin.

“Ṣé èéfín máa ń rin ènìyàn?”

“Rárá, Bàbá.”

“Kùrukùru nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ní omi nínú ló gun òkè wá, tó tutù, tí omi inú rẹ̀ sì di wóró kéékèèké. Bí ó bá wà lókè ọ̀run, ìkúùkù là ń pè é. Àwa la wá bá a nílé rẹ̀ lónìí.”

Báyìí ni ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àwa àgbà náà sì ń gbọ́ ọ. Ìrì ni omi tó ń sẹ̀ sórí ewé lóru. Ọyẹ́ ni òtútù gbígbẹ tó ń la ètè. Ọ̀rinrin ni omi tó fara pamọ́ sínú aṣọ, tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n tí ara mọ̀. Èyí tó wọ eegun, tó ń mú eyín gbá eyín, ni ọ̀gìnnìtìn. Ọmọbìnrin wa kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè pé, “Ṣé báyìí ni Kánádà ṣe máa rí?” Bàbá rẹ̀ dáhùn pé ti ibẹ̀ gbẹ ju èyí lọ, ó sì le jù ú lọ fíìfíì. Ìgbà òtútù ní Calgary a máa lọ sí ìwọ̀n ogún nísàlẹ̀ òdo, nígbà mìíràn ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òru náà

Lẹ́yìn aago kan òru, òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbá a wọ ẹ̀gbẹ́ kan nínú àgọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi àti ìdílé wọn wà. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ọmọkùnrin náà ti sùn sínú omi. Ìyá rẹ̀ ló jí nígbà tí wọ́n gbọ́ tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n pè é, ó dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ fà.

Gbogbo wa dìde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, wọ́n ní àwọn ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Afinimọ̀nà dúró sí iwájú wọn. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Àpáta ti yọ̀, tọ́ọ̀ṣì kò sì lè ríran nínú kùrukùru yìí. Èmi tí wọ́n bí síbí kò ní sọ̀ ọ́ lálẹ́ yìí.” Òótọ́ ló sọ. A tan tọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ náà sì padà sí wa lójú bí ẹni tan án sára ògiri.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí a gbé kóòlùpọ́ọ̀tù wọ inú àgọ́ gbígbẹ, kí a sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Àárín sẹ́kọ́ńdù yẹn ni Màámi pariwo, mo sì lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ariwo wọn láyé mi. “Ẹ ò gbọdọ̀ gbé iná wọ inú àgọ́! Òtútù á fún wa láyè tí a ó fi tọ́jú rẹ̀. Èédú kò ní fún wa láyè.”

Wọ́n jókòó sí àgọ́ tiwọn, wọ́n ní kí á gbé ọmọ náà wá. Wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀. Wọ́n nù ún gbẹ, wọn kò fi ọwọ́ ra á líle. Wọ́n tú àpò ọ̀rá, wọ́n wọ ẹ̀wù gbígbẹ fún un, wọ́n sì fi fìlà dé e lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí á ran àwọn lọ́wọ́, wọ́n sì pọn ọmọ ọdún mẹ́fà náà, tó ti ga dé ìgbáyà wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a fi kíjìpá àkọ́kọ́ bò, a fi èkejì yí àwọn méjèèjì ká. Mo po omi gbígbóná inú fúláàsì pọ̀ mọ́ ṣúgà àti àtalẹ̀, ó sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá di etí àgọ́ mú kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sẹ́yìn Màámi, wọ́n fi ọwọ́ lé orí ọmọ wọn. Ó gbọ̀n fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí i, gbígbọ̀n náà wá ń rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó wí yékéyéké ni pé, “Grandma, ọ̀gìnnìtìn nìyẹn?”

Màámi ní, “Òun gan-an ni, ọkọ mi.”

Ní aago mẹ́rin, mo wo ẹ̀rọ kékeré tí Màámi fi ń wọn ooru inú yàrá nílé. Ìwọ̀n ogún ló ń fi hàn. Ìwọ̀n ogún péré, èyí tí àwọn ará Calgary yóò pè ní ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn dáadáa. Ìṣirò ẹ̀gbọ́n mi kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òtítọ́. Aṣọ tútù àti afẹ́fẹ́ ni ìṣirò náà kò kà mọ́ ọn.

Ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀

Lẹ́yìn tí a délé, mo ní kí Màámi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi, kí èmi náà lè sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Àkọ́kọ́, gbígbẹ ṣe pàtàkì ju nínípọn lọ. Omi a máa fa ooru kúrò lára kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ. Òwú gbígbẹ dára, ṣùgbọ́n òwú tútù ọ̀tá ni. Ẹ di aṣọ oorun sínú ọ̀rá, ẹ má sì ṣe wọ̀ ọ́ títí di àkókò oorun.

Èkejì, ara ọmọdé kéré, awọ rẹ̀ sì pọ̀ ju bí ara náà ṣe tóbi lọ. Nítorí náà ooru tètè ń fi í sílẹ̀ ju àgbà lọ. Ẹ máa wò ó. Gbígbọ̀n jẹ́ àmì pé ara ṣì ń jà. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró tí ọmọ kò sì tíì móoru, tí oorun ń kùn ún lódì tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé èédú, sítóófù tàbí jẹnẹrétọ̀ wọ inú àgọ́ tàbí yàrá tí a tì. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í sì í jí ẹni tó bá ti sùn.

Ẹ̀kẹrin, ara ènìyàn ni iná tó dára jù. Ní 1978, ní Bogotá lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í so ọmọ tí a bí láìpé oṣù mọ́ àyà ìyá rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ amọ́mọmóoru kò kárí. Àjọ ìlera àgbáyé ti wá ń gba gbogbo ayé nímọ̀ràn láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú àwọn ọmọ náà. Ìyá Yorùbá tó ń pọn ọmọ nínú òtútù òwúrọ̀ kò gbọ́ orúkọ Bogotá rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ẹ̀yìn òun lè ṣe.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gba afinimọ̀nà, kí ẹ sì gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ béèrè bí ààbò ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú oògùn fífà rẹ̀ dání, nítorí afẹ́fẹ́ tútù lè ta á jí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́

Kùrukùru náà kò lọ títí di aago mẹ́jọ. Nígbà tó gbéra, a rí orí òkè mìíràn tó yọ bí erékùṣù láàárín òkun funfun, a sì jẹ gààrí àti ẹja gbígbẹ lórí àpáta tó ti ń móoru. Kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ká kíjìpá méjèèjì fúnra wọn, wọ́n sì gbé e lé ẹsẹ̀ Màámi pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Màámi mú ọ̀kan, wọ́n sì dá èkejì padà fún wọn. Wọ́n ní, “Ẹ mú un lọ. Ọ̀hún náà ní òkè.”

Òótọ́ ni pé ọ̀hún ní òkè. Banff, ọgbà ìjọba àkọ́kọ́ ní Kánádà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1885, kò ju ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ lọ láti Calgary. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́, ọmọbìnrin náà wọ ẹ̀wù òtútù Dùgbẹ̀ sábẹ́ èyí tí wọ́n rà lọ́hùn-ún, àbúrò rẹ̀ sì fi kíjìpá wé ọrùn. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Màámi lórí WhatsApp pé òkè ibẹ̀ ga, ṣùgbọ́n kò sí kùrukùru níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Màámi ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá.